Kí Ni Kọ̀ǹpútà Lè Sọ Nípa Ẹ̀jẹ̀ Tó Ta Sára Ògiri? Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a kọ ọ̀rọ̀ ṣókí nípa bí àwọn ọlọ́pàá àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lókè òkun ṣe ń fi ètò orí kọ̀ǹpútà yẹ àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ wò níbi tí wọ́n bá ti ṣe èèyàn léṣe, kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti ta wá. A kò rò pé yóò mú lẹ́tà púpọ̀ wá, ṣùgbọ́n láti Adó dé Ìkọ̀lé ni ẹ̀yin òǹkàwé ti kọ̀wé sí wa, ìbéèrè àwọn mìíràn sì jinlẹ̀ ju àpilẹ̀kọ tiwa lọ. A mú díẹ̀ nínú wọn, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò.

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ní Adó-Èkìtì béèrè pé: Mo rí i nínú fíìmù pé ọlọ́pàá ya fọ́tò ẹ̀jẹ̀ ara ògiri, ó gbé e sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì fi bí wọ́n ṣe pa ẹni náà àti ẹni tó pa á hàn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí lóòótọ́?

Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ yàrá àyẹ̀wò DNA, irú èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní ọdún 2017, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ pátápátá sì ni. Èyí tí à ń sọ yìí, ìṣirò ni: a wo ìrísí ìkán ẹ̀jẹ̀ níbi tó balẹ̀ sí, a wá ṣírò padà sẹ́yìn títí a ó fi mọ ọ̀gangan ibi tó ti gbéra.

Iṣẹ́ náà ti wà tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ọdún 1895, Eduard Piotrowski, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Kraków, tẹ ìwé jáde lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ta nígbà tí wọ́n bá lu èèyàn lórí. Ehoro ló fi ṣe ìdánwò rẹ̀, ọ̀nà tí kò jọ pé ẹnikẹ́ni yóò gbà láyè lónìí. Victor Balthazard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Faransé tún gbé e síwájú ní 1939. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nígbà tí Paul Kirk, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, kọ ìwé ìbúra ní 1955 nípa ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú yàrá tí wọ́n ti pa ìyàwó dókítà Sam Sheppard ní Ohio. Lásìkò wọ̀nyẹn àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, òwú gidi ni àwọn olùyẹ̀wò ń ta nínú yàrá. Wọ́n á so òwú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkán ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fà á lọ sí apá ibi tí ìkán náà ti wá, ní ìwọ̀n igun tí wọ́n ti ṣírò, wọ́n á sì wo ibi tí àwọn òwú náà ti pàdé lójú òfuurufú. Ó lè gbà wọ́n ní odindi ọjọ́, bí ẹnì kan bá sì fi ẹsẹ̀ kọ òwú, iṣẹ́ di àtúnṣe.

Òwú yìí ni kọ̀ǹpútà gbà ṣe. A. L. Carter, onímọ̀ físíìsì kan ní Canada, ló ṣe ètò tí wọ́n ń pè ní BackTrack. Lẹ́yìn rẹ̀ ni HemoSpat jáde, láti Ottawa ní orílẹ̀-èdè kan náà. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fi iná lésà wọn gbogbo yàrá, irú ti ilé iṣẹ́ FARO, náà ti ní ohun èlò tiwọn fún ẹ̀jẹ̀ báyìí.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Olùyẹ̀wò á kọ́kọ́ yan àwọn ìkán tó fẹ́ lò, á lẹ rúlà kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì fi àmì sí apá tó jẹ́ òkè ní tòótọ́, èyí tí ó máa ń fi òwú tí a so nǹkan wúwo mọ́ nídìí mọ̀. Á wọn bí ìkán náà ṣe jìnnà sí igun ògiri àti bó ṣe ga tó láti ilẹ̀. Á wá dojú kámẹ́rà kọ ògiri náà ní tààràtà, láìyí i sí ẹ̀gbẹ́ kankan, á ya fọ́tò. Nínú kọ̀ǹpútà, á tẹ ojú méjì lára rúlà inú fọ́tò náà kí ètò lè mọ bí mìlímítà kan ṣe gùn tó nínú àwòrán, lẹ́yìn náà á gbé àwòrán òbìrípo gígùn kan lé ìkán ẹ̀jẹ̀ náà lórí, á máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi bá ẹ̀bá rẹ̀ mu. Ìrù tó yọ lára ìkán kò sí lára ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Apá ibi tó kọjú sí nìkan ni wọ́n nílò, nítorí òun ló ń tọ́ka sí ibi tí ìkán náà ń lọ. Bí ó bá ti ṣe èyí fún ìkán púpọ̀, ètò náà á fa ìlà láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sínú yàrá, á sì fi ibi tí wọ́n ti ṣù jọ hàn.

Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà kò yan ìkán kankan fúnra rẹ̀. Èèyàn ló yàn án. Èèyàn náà ló sọ pé ìkán mẹ́wàá yìí jọ ti orísun kan náà wá, pé lílù kan ṣoṣo ló fọ́n wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lu ẹni náà, tí olùyẹ̀wò sì da ìkán ti àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ti èkejì, ètò náà yóò ṣì ṣírò, yóò ṣì fi ibì kan hàn láàárín yàrá, ní àwọ̀ mèremère. Ibẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí rí.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì kọ̀wé pé: Ìṣirò ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ fún wa, ẹ má kàn ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é.

Ẹ ṣé, sà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tan án sí ògiri ní tààràtà: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rí róbótó. Ẹ wá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́: róbótó náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, bí ẹ bá sì ṣe ń dà á sí i ni yóò máa gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ìbú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí ìkán ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Lójú òfuurufú, ìkán ẹ̀jẹ̀ máa ń ká jọ róbótó bíi bọ́ọ̀lù. Kò rí bí wọ́n ṣe máa ń ya ẹ̀kán omi nínú àwòrán, tí orí rẹ̀ máa ń rí ṣóńṣó. Bí ó bá balẹ̀ ní òòró gangan, àbàwọ́n rẹ̀ á rí róbótó. Bí ó bá balẹ̀ ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ̀, á gùn. Ìbú àbàwọ́n náà tí a bá fi òró rẹ̀ pín ni sáìn (sine, nọ́ńbà tí ìṣirò fi ń mọ igun) igun tí ìkán náà fi kan ògiri tàbí ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú nọ́ńbà. Ìkán kan wà nílẹ̀, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4, òró rẹ̀ jẹ́ 8. Mẹ́rin tí a fi mẹ́jọ pín jẹ́ 0.5, igun tí sáìn rẹ̀ jẹ́ 0.5 sì ni dígírì 30. Ká ní ibi tí àwọn ìlà ti pàdé lójú ilẹ̀ jìnnà sí ìkán náà ní mítà 1. A ó fi táńjẹ́ǹtì (tangent) dígírì 30, tí í ṣe 0.577, sọ mítà yẹn di púpọ̀, a ó sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ náà ti ibi tó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 58 wá. Orí ẹni tó jókòó sórí àpótí, tó tẹrí ba, lè wà níbẹ̀. Orí ẹni tó dúró ṣánṣán kò lè wà níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ká ní ọwọ́ olùyẹ̀wò yà díẹ̀, ó ka ìbú náà sí 4.5 dípò 4. Igun di dígírì 34, gíga sì di sẹ̀ǹtímítà 68. Ìdajì mìlímítà ló mú sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá wá. Ti ìkán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òró bá jẹ́ 8 tí ìbú sì jẹ́ 7.6, igun jẹ́ dígírì 72; bí ìbú bá jẹ́ 7.8, ó di 77. Lórí mítà 1 kan náà, gíga ti fò láti nǹkan bíi mítà 3 lọ sí mítà 4 ó lé, ìyẹn ni pé ó ti jáde gba inú sílìn, gbogbo rẹ̀ nítorí ìdá márùn-ún mìlímítà kan. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi máa ń fẹ́ràn ìkán tó gùn dáadáa, tí wọ́n sì máa ń fi èyí tó rí róbótó sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè wo ẹ̀bá ìkán ju bí fọ́tò bá ṣe mọ́ tó lọ.

Ohun kan tún wà, sà, tí ẹ̀yin gẹ́gẹ́ bí oníṣirò yóò ti rí. Ìlà tí a fà padà yìí tọ́ ṣánṣán, ṣùgbọ́n ìkán ẹ̀jẹ̀ kì í fò lórí ìlà tó tọ́. Òòfà ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀ bó ṣe ń lọ, afẹ́fẹ́ sì ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà ọ̀nà rẹ̀ máa ń tẹ̀. Bí a bá fa ìlà tó tọ́ láti ibi tó balẹ̀ sí padà sẹ́yìn, òkè ọ̀nà tó gbà gan-an ni ìlà náà yóò máa gbà. Èyí túmọ̀ sí pé gíga tí irú ètò yìí bá gbé jáde ni òpin gíga. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti wá gan-an lè kéré sí i, kò sì yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ìwọ̀n náà bá péye. Ṣùgbọ́n ọ̀gangan rẹ̀ lójú ilẹ̀, ìyẹn ibi tí àwọn ìlà ti pàdé tí a bá wo yàrá láti òkè, kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, nítorí òòfà ilẹ̀ kì í fa nǹkan sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe nínú ẹjọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ní sẹ̀ǹtímítà 60 fún ẹ̀jẹ̀ tó ti ojú ọgbẹ́ orí wá, a lè sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà pé orí ẹni náà ti wálẹ̀ nígbà tí wọ́n lù ú. Bí ó bá ní 150, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa, nítorí ó lè jẹ́ 150, ó sì lè jẹ́ 90. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka ìwé àyẹ̀wò ni kò mọ ìyàtọ̀ yìí, nínú ohun gbogbo tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Àwọn olùwádìí kan ti ń ṣe ètò tó ń ka òòfà ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n irú ètò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí a mọ bí ìkán náà ṣe tóbi tó àti bó ṣe yára tó, àbàwọ́n gbígbẹ kì í sì í fi tinútinú sọ ìyẹn fún ni.

Bírikìlà kan ní Ìjerò-Èkìtì béèrè pé: Ilé alámọ̀ ni púpọ̀ nínú ilé àtijọ́ wa, ọ̀pọ̀ ilé búlọ́ọ̀kù ni wọn kò sì rẹ́. Ṣé ìṣirò yìí lè ṣiṣẹ́ lára irú ògiri bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn tó ń kọ ìwé nípa rẹ̀ lókè òkun gbọ́ nìyí. Ìṣirò náà gbà pé ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ balẹ̀ sí dán, ó sì tẹ́. Lára gíláàsì, táìlì àti ògiri tí a rẹ́ dáadáa tí a sì fi ọ̀dà tó ń dán kùn, ẹ̀bá ìkán máa ń mọ́ rekete. Lára búlọ́ọ̀kù tí a kò rẹ́, eyín iyanrìn á fọ́ ìkán náà, ẹ̀bá rẹ̀ á yọ ẹ̀gún káàkiri, kò sì sí òbìrípo tí ẹnikẹ́ni lè gbé lé e tí yóò bá a mu. Ògiri amọ̀ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ mu. Ẹní, káàpẹ́ẹ̀tì àti aṣọ tún le jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ á máa bá fọ́nrán òwú lọ, ìrísí tó kù kò sì ní jẹ́ ti ìkán mọ́. Páànù orí ilé tó ní kọ̀ǹtọ̀-kọ́ńtọ́ náà ní wàhálà tirẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ kò tẹ́.

Èyí kò sọ pé kò sí iṣẹ́ nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Olùyẹ̀wò tó mọṣẹ́ yóò fi ògiri sílẹ̀, yóò wá ohun dídán inú yàrá náà: gíláàsì férémù fọ́tò ìgbéyàwó, dígí, ilẹ̀kùn fíríìjì, ara tẹlifíṣọ̀n, ojú fèrèsé. Ìkán díẹ̀ tó mọ́ lára férémù kan wúlò ju ọgọ́rùn-ún tó fọ́ sára búlọ́ọ̀kù lọ, bí a bá ti wọn ibi tí férémù náà wà kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i kúrò níbi tó ti ń fì.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì: Ṣé fóònù mi àti ètò ọ̀fẹ́ lè ṣe é? N kò ní owó láti ra HemoSpat.

Láti kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ẹjọ́, rárá. ImageJ, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe ní National Institutes of Health ní Amẹ́ríkà, lè wọn ìbú àti òró òbìrípo nínú fọ́tò. Ẹ lè kó àwọn nọ́ńbà náà sínú Excel, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ASIN inú Excel kì í fi dígírì dáhùn, rédíánì ló ń lò, nítorí náà DEGREES(ASIN(ìbú/òró)) ni kí ẹ kọ. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò rí 0.52 dípò 30, yóò sì máa wá ohun tó ṣẹlẹ̀ káàkiri.

Ẹ má lo ẹ̀jẹ̀, ì báà ṣe ti èèyàn tàbí ti ọ̀dọ̀ àwọn alápatà, nítorí àrùn. Omi tí ẹ po àwọ̀ pupa mọ́ tó. Ẹ lẹ pépà mọ́ pákó, ẹ gbé pákó náà dúró kí ó fi dígírì 60 ga kúrò lórí ilẹ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí omi náà kán sí i láti òkè tààrà. Igun tí ìkán náà fi kan pépà jẹ́ dígírì 30, nítorí náà ẹ ti mọ ìdáhùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ wo bí tiyín ṣe jìnnà tó. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wọn ìkán kan náà láìsọ tiyín fún un. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì yóò kọ́ yín ní ohun tí ìwé kò lè kọ́ yín. Ní ti fóònù, ohun tó máa ń bà á jẹ́ jù ni pé ọwọ́ kì í dúró tààrà. Bí fóònù bá yí díẹ̀, ìkán róbótó á di gígùn nínú fọ́tò, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé fóònù ló mú un gùn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ìyá kan ní Ìdó-Èkìtì: Bí wọ́n bá ti fi ọṣẹ àti bílíìṣì fọ ilẹ̀ náà ńkọ́?

Kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń pè ní luminol, tí wọ́n ń fín sí ibi tí wọ́n bá fura sí, tí yóò sì tan ìmọ́lẹ̀ búlúù nínú òkùnkùn bí ó bá kan ohun tó kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bílíìṣì fúnra rẹ̀ lè mú kó tàn, irin tó dípẹtà náà lè mú kó tàn, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí, ó kàn ń sọ fún olùyẹ̀wò pé kó wo ibẹ̀ sí i ni. Ìrísí ìkán kọ̀ọ̀kan ti lọ, kọ̀ǹpútà kò sì ní ohun tí yóò wọ̀n mọ́.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi béèrè, Mà. Lọ́dọ̀ wa, bí ibi bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará ilé máa ń ṣe ni pé kí wọ́n nu ẹ̀jẹ̀ náà kúrò nílẹ̀ kí ìyá tàbí ọmọ má bàa rí i. Ìfẹ́ ló ń fa èyí, n kò lè bá ẹnikẹ́ni wí. Síbẹ̀, bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé ẹni tó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ ti yàrá náà pa, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ dúró de ọlọ́pàá. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn, kí ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà kí èrò má bàa wọlé wá wòran, nítorí bàtà àwọn òǹwòran máa ń ba ẹ̀rí jẹ́ tó omi.

Òǹkàwé kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì: Mo kà á pé àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kò gba iṣẹ́ yìí gbọ́ mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ní ọdún 2009, Àjọ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ti Amẹ́ríkà (National Academy of Sciences) gbé ìwé ńlá kan jáde lórí gbogbo ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń lò ní kóòtù. Nígbà tí wọ́n dé orí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀, wọ́n sọ pé ohun tí kò dájú nínú rẹ̀ pọ̀ gan-an, àti pé èrò ọkàn àwọn olùyẹ̀wò máa ń pọ̀ ju sáyẹ́ǹsì lọ nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ní 2021, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí olùyẹ̀wò 75 tó ń ṣe iṣẹ́ náà kópa nínú rẹ̀. Nínú àwọn àbàwọ́n tí àwọn olùwádìí ti mọ ohun tó fà á, nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 ìdáhùn ni kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká yéra wa lórí ibi tí àṣìṣe yìí wà. Sáìn kò ṣàṣìṣe. Àṣìṣe wà níbi tí èèyàn ti ń sọ irú àbàwọ́n tó ń wò: ṣé ẹ̀jẹ̀ tó fọ́n nígbà tí nǹkan gbá ọgbẹ́ ni, àbí èyí tó já bọ́ láti ara igi tí wọ́n ń gbé sókè láti tún un lù, àbí èyí tí ẹni tó fara pa wú ikọ́ rẹ̀ jáde láti imú àti ẹnu, àbí èyí tí aṣọ kàn rá mọ́ra? Ẹjọ́ David Camm ní ìpínlẹ̀ Indiana fi èyí hàn kedere. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí ni ọkùnrin náà. Wọ́n pa ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ní ọdún 2000, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án nítorí àwọn ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín tó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ìjọba ní ẹ̀jẹ̀ náà fọ́n sí i lára nígbà tí ìbọn dún. Àwọn onímọ̀ ti olùjẹ́jọ́ ní ó rá mọ́ aṣọ rẹ̀ nígbà tó ń gbìyànjú láti gba ọmọkùnrin rẹ̀ là. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a lẹ́bi, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ilé ẹjọ́ tó wà lókè fagi lé e, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní 2013. Ṣẹ́ẹ̀tì kan náà, ìkán kan náà, tọ̀tún tòsì sì ní ọ̀mọ̀ràn tirẹ̀. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè parí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, nítorí kí a tó gbé ìkán sínú kọ̀ǹpútà rárá ni a gbọ́dọ̀ ti pinnu irú tó jẹ́.

Síbẹ̀, n kò sí lára àwọn tó ní kí a da iṣẹ́ náà nù. Apá tó jẹ́ ìṣirò ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ta wá ṣeé dán wò, ẹnikẹ́ni sì lè tún un ṣe láti inú fọ́tò. Apá tó jẹ́ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo ní kí adájọ́ fi ojú àfúrasí wò.

Agbẹjọ́rò kan ní Adó-Èkìtì: Bí olùpẹ̀jọ́ bá gbé irú àwòrán kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wá sí ilé ẹjọ́ gíga wa níhìn-ín, kí ni òfin sọ?

Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, sà, ṣùgbọ́n nítorí àwọn òǹkàwé yòókù, a ó sọ ọ́ ní ṣókí. Abala 68 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fún ẹni tó ní ìmọ̀ àkànṣe láyè láti sọ èrò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Abala 84, tí wọ́n ṣàtúnṣe sí ní 2023, ló kan ìwé tí kọ̀ǹpútà gbé jáde: ó ń béèrè pé kí ó jẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò déédéé fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sì ti ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lásìkò náà, ó sì fàyè gba ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó wà nípò àbójútó fọwọ́ sí. Abala 135 sì wà níbẹ̀ pé ẹ̀rí lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn gbọ́dọ̀ kọjá iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání.

Ohun tí abala 84 ń dáàbò bò ni kọ̀ǹpútà. Kò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ tó gbé òbìrípo lé ìkán ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ń gbèjà olùjẹ́jọ́, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí bóyá kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè gbogbo fọ́tò, kì í ṣe èyí tí wọ́n lò nìkan. Ẹ bi ẹlẹ́rìí náà pé ìkán mélòó ló wà lára ògiri, mélòó ló wọ̀n, àti ìdí tó fi fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ bi í bóyá ẹlòmíràn ti wọ̀n wọ́n láìrí tirẹ̀. Ẹ bi í bóyá wọ́n ti sọ ìtàn ẹjọ́ náà fún un kí ó tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ bi í pé gíga tó kọ sílẹ̀ yẹn, ṣé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti wá ni, àbí ibi tí kò lè ga jù lọ. Bí ó bá sì kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo láìsọ bó ṣe lè lọ sókè sódò tó, ẹ ní kí ó wọn ìkán kan nínú fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú adájọ́, láìwo ìwé rẹ̀.